Ikùn Kan, Agbẹ̀bí Méjì

Kampung Pauh Rendah,
Lẹ́bàá Odò Kelantan,
Oṣù Kejìlá, 1971.

Jusoh ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Johor tí o wà. Mo bẹ Ọlọ́run pé nígbà tí ìwé yìí bá dọ́wọ́ rẹ, kó bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí àìsàn, kó sì jẹ́ pé o ti jẹun. Ara tèmi le, àfi orúnkún mi tí òjò ń bá ṣọ̀tá. Àkùkọ rẹ ṣì wà láàyè, ó sì ṣì ń kọ nígbà tí kò yẹ kó kọ.

Kí àyà rẹ má baà já, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Saodah ìyàwó rẹ kò tíì bí. Ó wà láàyè, ọmọ inú rẹ̀ náà wà láàyè. Mo gbé ọwọ́ lé e láàárọ̀ yìí, ọmọ náà ta mí nípàá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo lè parí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé gígùn yìí nígbà tó yẹ kí n máa gún atalẹ̀. Fi òòlù rẹ sílẹ̀, wá ibì kan jókòó sí, kí o sì kà á dópin.

Mo dárúkọ òòlù, jẹ́ n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi nípa rẹ̀. Nígbà tí o ń lọ, mo kìlọ̀ fún ọ pé ọkọ aboyún kì í kan ìṣó, kì í ta kókó tó le, kì í sì í dúńbú ẹran. O fi mí rẹ́rìn-ín. O ní, "Ìyá, iṣẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi ni mo ń lọ ṣe. Ṣé omi ìrẹsì ni kí n máa fi lẹ pákó ni?" Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, bí mo bá ti dùbúlẹ̀, mò ń ro iye pákó tí o ti kàn ní ìdábùú láti ìgbà tí o ti débẹ̀. Nọ́ọ̀sì sọ pé ìṣó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kí ló máa ná ọ bí o bá bẹ ọ̀gá rẹ pé kó fi ọ́ sídìí ọ̀dà kíkùn títí ìyàwó rẹ á fi sọ̀?

Láti oṣù keje oyún ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. O mọ ìyá rẹ, n kì í rán ẹnu ní iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ mi lè jẹ́. Mo to ewé sireh sínú àwo, mo rẹ́ èso pinang, mo fi ẹfun sí i, mo fi aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ìyá mi fi sílẹ̀ bò ó, mo sì gbé e lọ bá Tok Melah agbẹ̀bí. Tok Melah ló gbà ọ́ nígbà tí mo bí ọ. Òun ló fi òkúta gbígbóná tí wọ́n fi ewé mengkudu wé tẹ̀ mí nínú, tí mo fi tún ń rìn bí ọmọge. Ó ṣí aṣọ, ó mú ewé kan, ó fi ẹfun ra á, ó jẹ ẹ́. Ó parí nìyẹn. Bí agbẹ̀bí bá ti jẹ sireh ikùn kan, òun ló ni ikùn yẹn títí ọjọ́ ìdùbúlẹ̀ ìyá ọmọ lẹ́yìn ìbímọ á fi pé. Bí agbẹ̀bí ààfin bá wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Mek Som àna rẹ gbé sireh tirẹ̀ lọ bá Tok Nik ní òkè abúlé, Tok Nik náà sì ti jẹ ẹ́. N kò lè dá gbogbo ẹ̀bi rù ú. Lójú tirẹ̀, ilé ìyá ìyàwó ni wọ́n ti ń bí àkọ́bí, bí ó bá ti kù díẹ̀, Saodah á kó ẹrù rẹ̀ wá sílé. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ mi ni o fi ìyàwó rẹ sí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò bí sí. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀. Òun kò bi mí nítorí ó gbà pé èmi kì í gbọ́ràn. Èmi kò bi í nítorí mo mọ̀ pé òun kì í gbọ́ràn.

Saodah mọ̀. Èmi sọ fún un, ìyá rẹ̀ náà sọ fún un. Ó rò pé àwa àgbà ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa, ojú sì ń tì í láti béèrè. Láti ìgbà tí o ti lọ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu ọmọ yẹn. N ó dé orí ìyẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí a fẹ́ fi aṣọ rọra mi ikùn rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì gẹ́gẹ́ bí àṣà ni àṣírí tú. Mo ti tẹ́ aṣọ méjèèje síra wọn, àgbọn wà nílẹ̀, òróró wà nílẹ̀, ìrẹsì pupa ti jinná, àwọn ìyàwó ilé gbogbo ti jókòó. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Tok Melah lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò egbòogi rẹ̀, ó ń bu omi inú àmù fọ ẹsẹ̀. Inú mi dùn. Mo tún wò, mo rí Tok Nik tó ń bọ̀ lẹ́yìn igi máńgòrò pẹ̀lú àpò tirẹ̀, Mek Som ń tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn dání. Bó ṣe rí mi, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Tèmi náà ti kú.

Ì bá sàn ká ní àwọn àgbà méjèèjì jà. Wọn kò jà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bù fún ara wọn. Tok Nik ní, "Ẹ gòkè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé." Tok Melah ní, "Kò lè rí bẹ́ẹ̀, àbúrò. Ìyá tó bí Saodah ló pè yín. Ẹ gòkè." Ẹ gòkè, ẹ gòkè, títí ìrẹsì fi tutù. Nígbà tó yá, oníkálukú tún ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ̀, ó wọ bàtà, ọ̀kan gba òkè lọ, ọ̀kan gba ìsàlẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ikùn Saodah. Èmi ni mo ká aṣọ méjèèje padà, omi sì ń bọ́ lójú mi.

O lè máa rò pé ìgbéraga lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni. Bí agbẹ̀bí bá fọwọ́ kan ikùn tí ẹlòmíràn ti jẹ sireh rẹ̀, tí aburú bá dé, orí rẹ̀ ló máa wà títí láé. Tí ó bá sì bọ́ sí rere, ó dà bí ẹni pé ó sọ fún gbogbo ayé pé ẹnì kejì òun kò mọṣẹ́. Nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fi í sílẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ tó ní agbẹ̀bí méjì kò wá ní ẹyọ kan.

Èèwọ̀ nìkan ló ń wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Tok Melah ránṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tok Nik ránṣẹ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kò gbọdọ̀ wẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Gbogbo rẹ̀ ni Saodah ń pa mọ́, tòsì tọ̀tún. Ìrẹsì, ẹja gbígbẹ àti iyèré ló fi ń gbé ẹ̀mí ró, títí eegun ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Mo ní kó jẹ ẹyin, pé èmi kọ́ ni mo kà á léèwọ̀. Ó ní, "Ìyá, tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní ẹyin tí mo jẹ ni." Mo bú u, mo sì lọ sẹ́yìn ilé ìdáná lọ sunkún.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì wá. Hasnah ni orúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Ó tẹ ikùn náà wò, ó tún un tẹ̀. Ó pè mí síta, ó ní ọmọ náà dábùú, kò kọjú sọ́nà, pé kí a gbé ìyàwó sọdá odò kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Mi ò bá a jiyàn. Mo di ẹrù. Àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí òjò tí ìwọ náà mọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, òjò tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Omi gun òkè dé ìdí igi àgbọn tí o máa ń so ọkọ̀ mọ́. Wọ́n so ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà lódìkejì, títì wà lódìkejì, àwa wà níhìn-ín pẹ̀lú ọmọ tó dábùú bí ọ̀pá ìdènà ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù bà mí, Jusoh. Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ. Mo ní àbúrò kan tí o kò mọ̀, Mek Yah. Irú ọmọ tó dábùú báyìí ló gbé e lọ, èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, bí Saodah bá ti gbin lójú oorun, èmi ti dìde.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà tiwa, àwọn méjèèjì ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ àti òróró gbígbóná yí ọmọ padà nínú ìyá rẹ̀. Mo rìn nínú òjò lọ bá Tok Melah. Ó wà lábẹ́ igi mengkudu rẹ̀, ó ń já ewé. O mọ̀ ọ́n, á kọ́kọ́ kí igi náà, á dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí òjìji rẹ̀ kò fi ní bọ́ sórí ewé, bí oòrùn kò tilẹ̀ sí. Ó gbọ́ tẹnu mi tán. Ó ní, "Bunga, ọwọ́ mi ń yún mi láti kàn án. Ṣùgbọ́n sireh Nik wà lórí ikùn yẹn. Lọ gba ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu rẹ̀." Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ewé kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí, èèyàn ló ń pa èèyàn. Ó kàn ń já ewé rẹ̀ lọ.

Mo ti búra tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà Tok Nik. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo to àwo sireh mìíràn, mo dojú kọ ilé rẹ̀. O rántí afárá onígi kan ṣoṣo tó wà lórí odò kékeré ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, èyí tí èèyàn méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Mo ti dé àárín rẹ̀ kí n tó gbójú sókè, mo sì rí Mek Som tó ń bọ̀ láti apá kejì lábẹ́ agbòjò, òun náà gbé àwo dání. Mo fà sẹ́yìn fún un. Òun náà fà sẹ́yìn fún mi. Mo ní kó máa bọ̀. Ó ní kí èmi máa bọ̀. A wá dúró ní etí odò, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, afárá ṣófo láàárín wa.

Mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní ilé Tok Melah ni, òun fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó gba Tok Nik láyè. Mo ní ilé Tok Nik ni èmi ń lọ, mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kó gba Tok Melah láyè. Omi pupa ń ṣàn lọ lábẹ́ igi. Ó wá ní, "Ìyá Jusoh, ṣé báyìí la ó ṣe máa bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ọmọ náà á fi kú?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí koríko tútù. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Mek Som tí ẹ̀rù omi máa ń bà ló gba orí igi yẹn kọjá wá bá mi, ó jókòó tì mí, ó fi agbòjò rẹ̀ bo àwa méjèèjì. Bí a bá ń jà bí i ká kú kọ́. A gbé àwo mi lé orí àwo rẹ̀, a jọ lọ sọ́dọ̀ Tok Nik.

Tok Nik wà nídìí ọlọ, ó ń lọ atalẹ̀ pupa. Ó wo àwa méjèèjì, ó wo agbòjò kan ṣoṣo tí a pín. Ó ní, "Mo ti ń retí yín. Bí ìwọ nìkan bá wá, mi ò lè dìde. Bí òun nìkan bá wá, mi ò lè dìde." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa àpò egbòogi rẹ̀ yọ. Ó ti dì í tán láti ọjọ́ tí omi ti kún.

A gba ilé Tok Melah kọjá, òun náà kò jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà tán tó fi gbé àpò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa, tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ tán, mo gbọ́ tí Tok Nik tún ní, "Ẹ gòkè, ẹ̀gbọ́n." Tok Melah ti la ẹnu láti dá a lóhùn nígbà tí ohùn kan ti òkè wá. Saodah ni. Ó fi ọwọ́ kan di òpó mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin Tok, ẹ jọ̀ọ́. Ikùn mi ni. Èmi ni mo ni ín. Àtẹ̀gùn yẹn gba èèyàn méjì, ẹ jọ máa gùn ún bọ̀."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti sọ láti ìgbà tí o ti lọ. Wọ́n jọ gùn ún, èjìká kan ń gbá èjìká kejì.

Wọ́n yọ́ òróró àgbọn pẹ̀lú atalẹ̀ àti ewé tíì lórí iná, wọ́n fi ra ọwọ́. Tok Melah jókòó sápá ọ̀tún níbi tí orí ọmọ wà, Tok Nik sápá òsì níbi tí ìdí rẹ̀ wà. Mek Som gbé orí Saodah lé itan, èmi di ẹsẹ̀ mú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́, mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ojú rí i. Bí ikùn bá le, wọ́n á dúró. Bó bá rọ̀, wọ́n á tì í díẹ̀. Saodah fi eyín di aṣọ mú. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Tok Nik wá ní, "Ó ti ń lọ." Tok Melah ní, "Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ lọ." Lójú mi báyìí, ikùn náà yí, bí ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá gùn.

Wọ́n fi ewé sireh lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n fi ọ̀já gígùn dì í. Wọ́n mu kọfí. Kọfí kò tíì tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí ọ̀já náà nípọn tó. Nígbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mí dáadáa.

Ṣùgbọ́n a kò tíì bọ́. Àwọn méjèèjì sọ ọ́ lẹ́nu kan náà pé ọmọ tó yí lè tún yí padà, wọn kò sì ti ibí lọ mọ́. Iyàrá Saodah ni wọ́n ń sùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. A ti fẹnu kò pé bí omi bá ti lè fà díẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni a ń gbé e lọ, kò sì sí ẹni tó bínú sí ìyẹn nínú wọn.

Ó wá kan ìwọ. Nígbà tí wọ́n parí ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn, Tok Melah béèrè aṣọ tí ọkọ ti wọ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ bo ikùn, kí ọmọ lè mọ̀ pé bàbá òun wà nítòsí. Mo ṣí àpótí rẹ láti mú sarong aláwọ̀ ewé tí o máa ń ró sùn. Kò sí níbẹ̀. Mo da gbogbo àpótí sílẹ̀, mo ń bú ikán, mo ń bú olè. Saodah ń wò mí. Nígbà tó rí i pé mi ò ní dákẹ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó fà á yọ. Kò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Mek Som rí i, ó kọjú sí ògiri.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yín. O sọ fún mi pé o ní kó bá ọ lọ sí Johor, ó ní òun ò lọ, pé ìdí ààrò ìyá òun ni òun ti fẹ́ bí àkọ́bí òun. O jáde láìjẹ ìrẹsì tó jí sè fún ọ. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà nígbà náà nítorí ọmọ mi ni ọ́, mo sì ṣì rò pé ó lè bá ọ lọ. Ṣùgbọ́n ìjà kí ló pọ̀ tó báyìí? Oṣooṣù ni o ń kọ̀wé. O kí mi, o kí Deraman onílọ́rì tó ń gbé ìwé wa, o kí àkùkọ. Ìyàwó rẹ, o kò kí i lẹ́ẹ̀kan.

Bí Deraman bá ti mú ìwé rẹ dé, Saodah á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á nu ọwọ́ rẹ̀, á wá jókòó. Èmi á máa kà á sókè. Bí mo bá kà á tán, á ní, "Ó dáa, ara rẹ̀ le," á sì padà sílé ìdáná. Lọ́jọ́ kan tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo fi ìkíni kan kún un tí o kò kọ. Mo ní o ní kí n bá ọ kí Saodah olùfẹ́ rẹ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín kì í sọ̀rọ̀ báyẹn." Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún irọ́ náà pa mọ́.

O mọ àṣà wa. Kí obìnrin tó kúnlẹ̀, á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àwọn náà á sì yọ̀ǹda rẹ̀, kí ohunkóhun má baà di ọmọ lọ́nà. Mek Som ti yọ̀ǹda rẹ̀. Èmi náà ti yọ̀ǹda rẹ̀, mo sì tọrọ tèmi lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹnu mi kò dára. Tok Nik bi í pé ọkọ ńkọ́. Ó ní, "Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, Tok. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀." Àwọn agbẹ̀bí méjèèjì wo ara wọn, wọ́n wá wo èmi.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Kọ ìwé sí Saodah, má kọ ọ́ sí mi. Sọ fún un pé o yọ̀ǹda rẹ̀, kí o sì tọrọ tìrẹ, torí ìwọ lo jẹ́ kí oúnjẹ tó sè tutù. Má sì dúró de lọ́rì Deraman. Tok Melah ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò ọkọ̀. Níbi tí o bá wà tí o ti ń ka ìwé yìí, pe orúkọ rẹ̀ sókè, kí o sì sọ ọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ọlọ́run tó dá omi odò ni yóò dá a padà sí ipò rẹ̀. Yóò sọ̀ wá láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Igi kò ní já lù ọ́ níbi iṣẹ́, irin kò ní gé ọ, ẹ̀mí rẹ yóò gùn títí ọmọ rẹ á fi kọ ìwé sí ìwọ náà. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò rí oorun sùn nítorí rẹ,

Mek Bunga.

Àfikún: Mo ti di ìwé yìí tán kí n tó tún ya á. Saodah ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárọ̀ yìí. Omi ti fà díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì sọdá wá. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní orí ọmọ ṣì kọjú sọ́nà, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ṣeré, ó ti gbé e lọ. Tok Melah àti Tok Nik jọ wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú àpò wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹnì kejì òun kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mek Som wà pẹ̀lú rẹ̀, sarong rẹ wà lórí ikùn Saodah. Ọkọ̀ kún, ó ku èmi. Ọlọ́kọ̀ ní òun ń padà bọ̀ wá gbé mi, òun ni n ó fún ní ìwé yìí kó fi lé Deraman lọ́wọ́. Kí ó tó dé, mò ń ṣe ohun tí ará ilé ń ṣe bí obìnrin bá ń rọbí, kí ọ̀nà ọmọ lè ṣí. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo, mo ti ṣí àpótí àti ìkòkò ìrẹsì. Mo ti tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mo ti tú okùn aṣọ, mo ti tú irun orí mi. Mo tú ọkọ̀ kékeré rẹ náà, odò sì ti gbé e lọ, má bínú. Jusoh, kò sí kókó kan mọ́ nínú ilé yìí. Ó ku èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.